Ojú ọjọ́ tàbí ọrọ̀ ajé? Ta gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé ẹrù náà lé lórí?

Oníbéèrè_Àtàtà

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e síta ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ìgbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan bá ti fẹ́ ṣòfin lórí àyípadà ojú ọjọ́, orin kan náà ni wọ́n máa ń kọ sí wa létí, pé ẹ yan ọ̀kan, ṣé afẹ́fẹ́ tó mọ́ lẹ fẹ́ àbí iṣẹ́. Èmi ò gbà pé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Ohun tí mo rí ni pé àwọn òfin yìí kì í kú torí pé wọ́n ba ọrọ̀ ajé jẹ́, ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí ló máa ń bínú, ìbínú yẹn ló sì ń pa òfin.

Ẹ wo Ọsirélíà. Ọjọ́ kìíní oṣù keje 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí èéfín káábọ́ọ̀nù, dọ́là 23 owó tiwọn lórí tọ́ọ̀nù kan, lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá tó ń tú èéfín síta jù. Julia Gillard ló wà lórí àga nígbà yẹn. Ṣé ọrọ̀ ajé wọn dojú dé? Rárá, ó ń dàgbà lọ ni, èéfín tó ń jáde látinú iná mànàmáná sì ń dínkù. Wọ́n tiẹ̀ fi nínú owó yẹn dín owó-orí kù fún àwọn tówó tó ń wọlé fún wọn ò pọ̀, wọ́n fi kún owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ta ló rántí ìyẹn? Ìwé owó iná ni gbogbo ayé ń wò. Gillard sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ṣáájú ìdìbò 2010 pé kò ní sí owó-orí káábọ́ọ̀nù lábẹ́ ìjọba òun, wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ yẹn mú, wọn ò jẹ́ kó bọ́. Tony Abbott, olórí ẹgbẹ́ alátakò, fi ọ̀rọ̀ yẹn wọlé ní 2013, nígbà tó fi máa di oṣù keje 2014 òfin ti lọ. Ọdún méjì péré.

Ẹ bá mi dá sí i. Kí lẹ rí sí i?

Alágbẹ̀dẹ_Òru

Ẹ̀gbọ́n, ẹnu dùn-ún ròfọ́ o. Èmi ò kàwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí àmọ́ ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń dúró sídìí iná tí wọ́n fi ń yọ́ irin. Lọ́dún tó kọjá wọ́n pè wá sí ìpàdé, ọ̀gá kan ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri, ó ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ jáwọ́ nínú èédú, iná mànàmáná la máa fi máa yọ́ irin, èéfín á dínkù, gbogbo ẹ̀ ló ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn bá na ọwọ́, ó ní àwa ńkọ́? Ó ní wọ́n ṣì ń ronú lórí ìyẹn.

Ẹ wo Port Talbot, ìlú tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Wales. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n pa iná ìléru ńlá tó kẹ́yìn níbẹ̀, iṣẹ́ bíi 2,500 ni wọ́n ní ó máa bá a lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an, ọjọ́ kan ṣoṣo náà, ni wọ́n ti ilé-iṣẹ́ iná Ratcliffe pa, ìyẹn èyí tó kẹ́yìn tó ń fi èédú ṣe iná mànàmáná ní gbogbo ilẹ̀ Bìrìtìkó. Ti Ratcliffe ni gbogbo àgbáyé ń pàtẹ́wọ́ fún. Ti Port Talbot, àwọn ará ibẹ̀ ló dá sunkún ẹ̀.

Mi ò sọ pé ojú ọjọ́ ò yí padà o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ooru tó wà nídìí iná wa lónìí kọjá èyí tí mo bá níbẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwa tá à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ la kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kò sí ìjà láàárín ojú ọjọ́ àti iṣẹ́, ẹ wá sọ ọ́ lójú wa.

Oníṣirò_Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, mo gbọ́ yín dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n kàn gbé iye sílẹ̀ torí pé ilẹ̀ Bìrìtìkó tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ló ní àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Ní 2008 wọ́n ṣe òfin kan tó de ìjọba fúnra ẹ̀ lọ́wọ́, pé ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n máa fi máa pín èéfín bí ẹni pín owó ìnáwó, tí ìgbìmọ̀ kan tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú á sì máa ṣọ́ wọn. Àwọn aṣòfin tó dìbò lòdì sí i ò tó mẹ́wàá. Ní 2019, Theresa May tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn tún fi kún un, ó ní tó bá fi máa di 2050, èéfín tí wọ́n ń tú síta ò gbọ́dọ̀ ju èyí tí wọ́n ń kó kúrò lójú òfurufú lọ. Láti 1990 títí di ìsinsìnyí, èéfín tó ń jáde nílẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ dé bí ìdajì, ọrọ̀ ajé wọn sì ti fi nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 tóbi ju ti ìgbà yẹn lọ.

Torí náà ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe kí méjèèjì rìn pọ̀, ó ti rìn pọ̀ níbì kan.

Ojú_Ló_Ń_Rí

Oníṣirò, ibi tí ẹ̀yin elétò ìṣirò ti máa ń tàn wá jẹ nìyẹn, mi ò sì sọ ọ́ láti bú yín. Ilé-iṣẹ́ wọn ńkọ́? Ṣebí wọ́n kó o lọ sí Ṣáínà ni, irin tí wọn ò yọ́ nílé mọ́ ńkọ́, ṣé wọn ò lo irin mọ́ ni? Wọ́n ń rà á láti òkèèrè, èéfín rẹ̀ ń jáde lọ́hùn-ún, wọ́n wá ń sọ pé ọwọ́ àwọn mọ́. Tí èmi bá gbé ìdọ̀tí mi lọ dà sẹ́yìnkùlé yín, ṣé mo ti gbálẹ̀ nìyẹn?

Oníṣirò_Kékeré

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń ka èéfín lọ́nà méjì, èyí tó jáde nílẹ̀ yín àti èyí tó jáde níbikíbi nítorí ohun tẹ́ ẹ rà. Tá a bá fi ọ̀nà kejì ka ti ilẹ̀ Bìrìtìkó, ó ti ń lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 2007, àmọ́ kò lọ sílẹ̀ tó ti ọ̀nà àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú èéfín tó lọ yẹn, ibi iná mànàmáná ló ti lọ, wọ́n jáwọ́ nínú èédú, wọ́n bọ́ sórí gáàsì, wọ́n wá gbé iná tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ ojú òkun ṣe lé e. Iná mànàmáná kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Ṣáínà.

Swídìn náà wà níbẹ̀. 1991 ni wọ́n ti ń gba owó-orí káábọ́ọ̀nù, lónìí ó ju ọgọ́rùn-ún yúrò lọ lórí tọ́ọ̀nù kan, nínú èyí tó wọ́n jù láyé, ẹ ò sì lè pe Swídìn ní orílẹ̀-èdè tálákà.

Ìyá_Òjò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ̀yin ń sọ iye tí òfin máa ná wa, kò tíì sẹ́ni tó sọ iye tí àìṣòfin ń ná wa.

Pakistan, 2022. Àgbàrá òjò pa ju èèyàn 1,700 lọ, ó kan mílíọ̀nù 33 èèyàn, wọ́n ṣírò ohun tó bàjẹ́ àti ohun tó sọnù, ó ju bílíọ̀nù 30 dọ́là lọ. Èéfín tí Pakistan ń tú sáyé ò pé ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ọrọ̀ ajé? Afárá tó wó, ilé ẹ̀kọ́ tó wó, oko òwú tómi gbé lọ, ṣé wọn ò sí nínú ìdàgbàsókè tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni? Ní 2006 ìjọba ilẹ̀ Bìrìtìkó ní kí Nicholas Stern tó ti jẹ́ ọ̀gá onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Báńkì Àgbáyé bá wọn ṣe ìṣirò, ó ní tí ayé bá fẹ́ tún nǹkan ṣe á ná wọn bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ tí wọ́n ń pèsè lọ́dọọdún, tí wọ́n bá fọwọ́ lẹ́rán, ó kéré tán ìdá márùn-ún ló máa lọ, ó sì lè dé ogún. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá a jiyàn lórí bó ṣe ka iye ọjọ́ iwájú, mo mọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè wo Pakistan kó ní ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ bíi pé tá ò bá ṣe nǹkan kan, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀.

Etí_Òṣèlú

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ibi tí òṣèlú ti le rèé: ẹni tó máa jẹ àǹfààní òfin yẹn lè má tíì bí, ẹni tó máa san owó ẹ̀ máa dìbò lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti fara balẹ̀ wo ti Kánádà, ó sì dùn mí gan-an torí pé ohun tí Oníbéèrè ń fẹ́ ni wọ́n ṣe gẹ́lẹ́. 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, dọ́là 20 owó Kánádà lórí tọ́ọ̀nù kan, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé 80 ní 2024. Owó tí wọ́n ń gbà lórí epo àti gáàsì yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni wọ́n ń dá padà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ọ́fíìsì tó ń ṣàyẹ̀wò ìnáwó fún pálíámẹ́ǹtì wọn náà sọ pé tá a bá ka owó tó jáde lápò àti owó tó padà wọlé, ìdílé tó pọ̀ jù ló ń jèrè.

Àmọ́ báwo ni owó yẹn ṣe ń dé? Níbẹ̀rẹ̀, inú ìṣirò owó-orí ọdọọdún ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́, ta ló ń wò ó níbẹ̀. Àárín 2022 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án sínú àkáǹtì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Owó tó ń jáde lápò, gbogbo ìgbà téèyàn bá ti dúró nídìí ẹ̀rọ epo ló ń rí i. Pierre Poilievre, olórí ẹgbẹ́ alátakò, mú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, pé kí wọ́n gé owó-orí yẹn kúrò, ó ń tún un sọ títí ó fi wọ etí gbogbo èèyàn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá 2023, ìjọba Trudeau tó gbé owó-orí náà dé fúnra ẹ̀ bá yọ epo tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná kúrò nínú ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, epo yẹn sì rèé, apá ìlà oòrùn ló ń lò ó jù. Àwọn ará ìwọ̀ oòrùn tó ń lo gáàsì ní, àwa ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ó ti parí. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún Mark Carney gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba tuntun gan-an nínú oṣù kẹta 2025 ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n má gba owó yẹn lọ́wọ́ ará ìlú mọ́. Ẹgbẹ́ tó ṣòfin náà ni Carney wà o. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló kù.

Ti Faransé kò tiẹ̀ gba àlàyé púpọ̀. 2018, ọdún tí wọ́n yọ èyí tó pọ̀ nínú owó-orí tí àwọn olówó ń san lórí ọrọ̀ wọn náà ni wọ́n ń fi owó kún epo ọkọ̀. Àwọn ará abúlé tí kò sí bọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ń gbé bá gbé ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè wọ̀ sí títì. Wọ́n fagi lé ìkún tuntun náà kí ọdún tó parí.

Oníbéèrè_Àtàtà

Etí_Òṣèlú, ẹ gbà mí. Ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti dá owó padà, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ti Kánádà yìí fi hàn pé owó tí a ò fojú rí kì í ṣe owó lójú ẹni tó gbà á.

Ará_Gúúsù

Ẹ dákun, gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ń mú àpẹẹrẹ wá, ilẹ̀ olówó ni. Ọsirélíà, Kánádà, Faransé, Swídìn. Àwọn yìí ti fi èédú àti epo rọ̀bì kọ́lé wọn tán, ilé ti dúró, wọ́n wá ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ pé èédú ò dáa.

Ní India, téèyàn bá pín èéfín káábọ́ọ̀nù káàkiri, tọ́ọ̀nù bíi méjì ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ní Amẹ́ríkà bíi mẹ́rìnlá. Ní ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021, gbogbo ayé fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn máa fòpin sí èédú, ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni India ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn máa dín in kù, Ṣáínà sì wà lẹ́yìn wọn, Alok Sharma tó ṣe alága ìpàdé fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀. Gbogbo ìwé ìròyìn ilẹ̀ olówó bú India. Àmọ́ èédú nìkan ni wọ́n dárúkọ lọ́nà yẹn nínú ìwé náà, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ nípa epo àti gáàsì tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó yẹn ń lò. Ṣé ẹ rí i?

Ẹ sì jẹ́ ká rántí 1997. Kí wọ́n tó lọ ṣe àdéhùn Kyoto lórí dídín èéfín kù rárá, ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ti dìbò 95 sí òdo pé wọn ò fẹ́ àdéhùn kankan tó máa ṣèpalára fún ọrọ̀ ajé wọn, tàbí tí kò ní de àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà pẹ̀lú. 95 sí òdo! Ẹgbẹ́ méjèèjì o. Ìdí tí India fi ní òun ò ṣe, ìdí yẹn náà ni Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ lò, àwọn sì ti jẹun yó.

Owó tí wọ́n ní àwọn máa fún wa, bílíọ̀nù 100 dọ́là lọ́dún, 2009 ni wọ́n ṣèlérí ẹ̀ pé tó bá fi máa di 2020 á ti pé. Ìṣirò àwọn olówó fúnra wọn fi hàn pé 2022 ló tó pé, yíyá sì ni púpọ̀ nínú ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bùn. Yúróòpù tún ti gbé òmíì dé báyìí, láti oṣù kìíní 2026, ẹni tó bá ń kó irin, sìmẹ́ńtì, aluminiọ̀mù tàbí ajílẹ̀ wọ ọ̀dọ̀ wọn máa san owó lórí èéfín tó jáde nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ tiwọn má bàa sá lọ síbòmíì ni. Ó yé mi. Àmọ́ Mòsáńbíìkì tó ti máa ń ta aluminiọ̀mù fún wọn, kí ló ní tó fẹ́ fi tún ilé-iṣẹ́ ṣe?

Òwúrọ̀_Lọjọ́

Mo bá Ará_Gúúsù kẹ́dùn, ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí inú tó ń bí wa má lọ jẹ́ ká pàdánù ọjà tuntun. Ẹ wo Ṣáínà. Nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín káábọ́ọ̀nù ayé, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń jáde, wọ́n sì ṣì ń kọ́ ilé-iṣẹ́ èédú lọ́wọ́. Ní ọdún 2023 nìkan náà, sólà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ju gbogbo èyí tí Amẹ́ríkà ti gbé kalẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé lọ. Ìdá tó ju 80 lọ nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ṣíṣe sólà láyé, ọwọ́ wọn ló wà. Bátìrì, ọwọ́ wọn. Mọ́tò oníná mànàmáná, wọ́n ti gba iwájú.

Kì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ràn ojú ọjọ́ ju ọmọ aráyé tó kù lọ. Wọ́n rí i pé ohun tí ayé máa rà lọ́la nìyẹn, wọ́n bá dá owó ìjọba lé e lórí láti ọdún gbọọrọ, iye owó sólà fi bíi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ láàárín 2010 sí 2020. Nígbà tí àwọn yòókù ń jà pé ojú ọjọ́ tàbí ọrọ̀ ajé, Ṣáínà ti sọ ojú ọjọ́ di ọrọ̀ ajé.

Ojú_Ló_Ń_Rí

Pẹ̀lú èédú tí wọ́n ń sun o. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Òwúrọ̀_Lọjọ́

Mi ò gbàgbé. Mo ti sọ ọ́ lókè.

Etí_Òṣèlú

Òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ Amẹ́ríkà gbìyànjú ẹ̀ ó sì já. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú. Oṣù kẹjọ 2022, Joe Biden fọwọ́ sí òfin kan tó fi bíi bílíọ̀nù 370 dọ́là sórí iná tó mọ́, kò sí pé wọ́n ń gba owó-orí káábọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀dínwó ni, ìrànwọ́ ni, pé ẹni tó bá kọ́ ilé-iṣẹ́ bátìrì á gba tibí, ẹni tó bá gbé sólà sórí ilé á gba tọ̀hún. Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọsirélíà, wọ́n ní àwọn ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹyọ aṣòfin Rìpọ́blíkánì kan tó dìbò fún un. Ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà wá lọ ni àgbègbè àwọn Rìpọ́blíkánì. Ní oṣù kẹjọ 2024, 18 nínú wọn kọ lẹ́tà sí olórí ilé wọn pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fagi lé gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ ti ń dé ìlú wa. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje 2025? Wọ́n ṣòfin tó gé púpọ̀ nínú ẹ̀ dànù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ lẹ́tà yẹn ló dìbò fún gígé náà.

Nítorí náà, Oníbéèrè, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ ní ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé ló ń pa òfin. Níbí, wọn ò gbé ẹrù lé ẹnikẹ́ni, ẹ̀bùn ni wọ́n pín, òfin náà ṣì kú.

Oníbéèrè_Àtàtà

Ẹ ti mú mi síbi tó le. Mo ti ń rò ó láti ìrọ̀lẹ́ àná.

Ohun tí mo rí ni pé ilé-iṣẹ́ ni owó yẹn kọ́kọ́ wọ̀ lápò, èèyàn kọ́. Wọ́n ṣe òfin ní 2022, ilé-iṣẹ́ bátìrì kì í dìde lóru ọjọ́ kan, á tó ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ìdìbò 2024 dé bá púpọ̀ nínú wọn lórí ìpìlẹ̀. Ẹni tó máa rí iṣẹ́ níbẹ̀ ò tíì mọ̀ pé òun máa rí i. Ọ̀wọ́n gógó ọjà ló sì ń bá wọn fínra nílé ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, ṣé ẹ rí i pé ti yín ló jọ ọ́? Wọ́n ní iná tuntun ń bọ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Òru

Ó jọ ọ́ gan-an. Ní Port Talbot tí mo sọ, ìléru oníná mànàmáná tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò èyí tí wọ́n pa, ìjọba fi mílíọ̀nù 500 pọ́n-ùn sí i, àmọ́ ìparí 2027 tàbí 2028 ni wọ́n ń retí pé á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ògbólógbòó lọ ní 2024. Ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹn, kí ni èèyàn máa ṣe níbẹ̀? Ọmọ á ti parí ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó lè kó lọ á ti kó lọ. Tí wọ́n bá wá tan iná tuntun tán, èèyàn tó mọ iṣẹ́ ò ní sí nítòsí mọ́, iṣẹ́ tó sì máa wà níbẹ̀ ò ní tó ti tẹ́lẹ̀ torí irú iná bẹ́ẹ̀ ò nílò ọwọ́ tó pọ̀.

Àwọn ará yúníọ̀nù wa sọ fún mi nípa Spéìn. 2018, wọ́n fẹ́ ti ọ̀pọ̀ ihò èédú tó kù níbẹ̀ pa, ìjọba kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú yúníọ̀nù kí wọ́n tó ti ohunkóhun. Mílíọ̀nù 250 yúrò. Ẹni tó ti lé ní ọdún 48 lè fẹ̀yìn tì pẹ̀lú owó ẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ míì, wọ́n sì gba àwọn kan láti máa tún ilẹ̀ tí ihò bàjẹ́ ṣe. Nígbà tí ìdìbò dé ní 2019, ẹgbẹ́ tó ti ihò yẹn pa tún rí ìbò kún ti tẹ́lẹ̀ ní àwọn agbègbè náà. Èèyàn tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló dìbò fún wọn. Ẹ rò ó wò.

Agbẹjọ́rò_Ọ̀la

Jámánì náà ṣe irú ẹ̀ o. Wọ́n kó yúníọ̀nù, àwọn ilé-iṣẹ́, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká àti àwọn ará agbègbè èédú sínú yàrá kan, wọ́n jáde ní 2019 pé 2038 ni ọjọ́ tó kẹ́yìn, bíi bílíọ̀nù 40 yúrò sì máa lọ sí agbègbè wọ̀nyẹn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní 2038 ti jìnnà jù.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti kọ́ọ̀tù. Ní oṣù kẹta 2021, kọ́ọ̀tù tó ga jù lórí òfin orílẹ̀-èdè ní Jámánì sọ pé òfin ojú ọjọ́ tí ìjọba ṣe ò tó, torí pé ó fi ẹrù tó wúwo jù sílẹ̀ di ẹ̀yìn 2030, ìyẹn ni pé àwọn tó ṣì kéré lónìí ni wọ́n máa wá há mọ́, òmìnira tiwọn ló máa dínkù nígbà yẹn. Kò pé oṣù mélòó kan ìjọba tún òfin ṣe, wọ́n fa 2050 wá sí 2045. Etí_Òṣèlú ní ẹni tó máa jàǹfààní lè má tíì bí, òtítọ́ ni, kò lè dìbò, àmọ́ níbẹ̀ ó rí ẹni bá a sọ̀rọ̀. Mo ń kọ́ iṣẹ́ òfin, ìdájọ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí n má kọ̀wé fi í sílẹ̀.

Ará_Gúúsù

Inú mi dùn sí ti Spéìn, àmọ́ mílíọ̀nù 250 fún ẹgbẹ̀rún kan èèyàn àti díẹ̀, èwo nínú àwọn orílẹ̀-èdè wa ló ní irú ẹ̀? Gúúsù Áfíríkà: èédú ló ń ṣe ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná mànàmáná wọn. Wọ́n ṣèlérí bílíọ̀nù 8.5 dọ́là fún wọn ní Glasgow, yíyá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oṣù kẹwàá 2022 wọ́n ti Komati, ilé-iṣẹ́ tó ń fi èédú ṣe iná mànàmáná, pa ní Mpumalanga, pé àwọn máa sọ ọ́ di ibi sólà àti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ yẹn kú lọ́jọ́ kan, ohun tó yẹ kó rọ́pò ẹ̀ wá ń fà bí ìgbín, àwọn ará àdúgbò ń ké pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí dà. Orílẹ̀-èdè tí iná tiẹ̀ ń ṣẹ́jú lójoojúmọ́ nígbà yẹn o. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí èédú dúró títí láé, Komati ló ń nawọ́ sí báyìí.

Oníbéèrè_Àtàtà

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ mi sọ nígbà yẹn, torí pé ẹ ti yí mi lọ́kàn padà díẹ̀. Mo ní ta ló ń gbé ẹrù. Mo rí i báyìí pé èwo ló kọ́kọ́ dé ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Kánádà, owó jáde kí owó tó wọlé. Amẹ́ríkà, ìdìbò dé kí iṣẹ́ tó dé. Komati àti Port Talbot, ilẹ̀kùn tì kí èkejì tó ṣí. Spéìn nìkan ni àdéhùn ti ṣáájú àgádágodo.

Ìyá_Òjò

Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn. Ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan rárá, ọ̀rọ̀ yìí náà ló máa mú lò, pé ẹ jẹ́ ká dúró kí tuntun kọ́kọ́ dé, ọdún kan, ọdún mẹ́wàá. 2024 ni ọdún tó gbóná jù látìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru ayé, ó fi bí ìwọ̀n kan ààbọ̀ ju ti ayé àtijọ́ kí ilé-iṣẹ́ tó dé lọ, iye yẹn gan-an ni wọ́n sọ ní ìpàdé Páríìsì ní 2015 pé kí a sapá ká má kọjá. Omi ò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí tuntun ṣáájú, ẹ fi ọjọ́ sí tuntun náà, kẹ́ ẹ sì fi owó sí i lónìí.

Alágbẹ̀dẹ_Òru

Ìyá, mo gbà yẹn láìjiyàn. Ọjọ́ ni àwa náà ń béèrè. Tí ọ̀gá yẹn bá ní ọjọ́ báyìí ni ìléru èédú máa kú, ọjọ́ báyìí ni ti iná mànàmáná máa tàn, láàárín méjèèjì lágbájá ló máa san owó oṣù yín, mo bá a fọwọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò fẹ́ mí èéfín yẹn títí mo fi máa kú.

Ọjọ́ Jímọ́ tó ń bọ̀ a ní ìpàdé yúníọ̀nù. Mo ti kọ ti Spéìn àti ti Komati sínú ìwé kan, mo fẹ́ kà á fún wọn. Oníṣirò, tẹ́ ẹ bá lè bá mi ṣírò iye tí owó oṣù èèyàn 340 máa jẹ́ fún ọdún méjì ààbọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ náà, ìyẹn ni mo fẹ́ gbé síwájú wọn.

Oníṣirò_Kékeré

Ẹ fi iye owó oṣù ṣọwọ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ̀gbọ́n. Màá ti ṣe é tán kó tó di ọ̀la.